Ọjọ́ Tí Ìdí-Ìyeyè Ṣòfin Ẹran

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ ti bi ara yín rí, ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé etí ni í kọ́kọ́ kò kí ẹnu tó kò? Ẹ máa ń gbọ́ ọ dáadáa. Bí ìpàdé bá ti fẹ́ parí, tí gbogbo ènìyàn ń mi orí bí alángbá, àgbàlagbà kan á wúkọ́, á ní, "Ẹ dúró ná, etí ni í kọ́kọ́ kò kí ẹnu tó kò." Inú á bí àwọn tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n wọ́n á jókòó padà. Òwe yẹn ò ṣàdédé wáyé o. Ènìyàn ló fà á, àgbò kan sì bá wọn lọ́wọ́ sí i. Ẹ sún mọ́bí, mo fẹ́ sọ ọ́ kí ó tó tutù lẹ́nu mi.

Ìlú kan wà tí ń jẹ́ Ìdí-Ìyeyè. Oníyeyè lọba wọn, àgbà ọba tó fẹ́ràn àlàáfíà, tó sì kórìíra ìpàdé gígùn nítorí pé eyín ń dùn ún. Opó kan ń gbé ìlú náà, Abíọ́nà lorúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ paraku ni. Ọkọ rẹ̀ fi oko kékeré kan sílẹ̀ fún un létí odò, oko yẹn lòun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, gbogbo àgbẹ̀ ló ń sáré. Abíọ́nà kó àgbàdo irúgbìn rẹ̀ jáde, èyí tó ti fi kọ́ sókè ààrò láti ìkórè tó kọjá kí èéfín lè lé kòkòrò fún un. Ó sá a sórí ẹní lẹ́yìnkùlé kí oòrùn fi ọwọ́ kan án díẹ̀. Ó ní òun ń wọlé lọ mu omi. Omi yẹn náà ló ń mu lọ́wọ́ tó fi gbọ́ tí ẹnìkan ń jẹ nǹkan gbàù-gbàù lẹ́yìnkùlé. Ó sáré jáde. Àgbò kan ló dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ikùn rẹ̀ wú bí àpò òwú, ó sì ń fi ahọ́n wá èyí tó kù láàárín koríko ẹní.

Kì í ṣe àgbò kan ṣá o. Gbajúmọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àgbò náà. Ọ̀tún Àjàsá, ìjòyè tí í jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún ọba, ló ni ín, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè fi ẹnu sọ lọ. Ọṣẹ dúdú ló fi ń wẹ̀ ẹ́. Ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Bí Ọ̀tún bá ń lọ nígboro, àgbò náà á máa rọra bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá sì kí Ọ̀tún tí kò kí àgbò, Ọ̀tún ò ní dá a lóhùn.

Abíọ́nà gbá orí mú, ó kọrí sí ààfin. Ó bá ọba àti àwọn ìjòyè nípàdé. Ọ̀tún Àjàsá náà wà níbẹ̀. Ẹ gbà mí níyànjú, báwo ni opó ṣe máa dìde níwájú ọba kó ní, "Ọ̀tún, àgbò yín ti jẹ irúgbìn mi run"? Ó kúnlẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ wé ọ̀rọ̀ náà bí ẹni fi ewé wé ẹ̀kọ.

Ó ní, "Kábíyèsí, ẹran ti jẹ irúgbìn mi tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹran ní ìlú yìí."

Bó ṣe ń sọ ọ́, Ọ̀tún ló ń wò. Ọ̀tún ń wo òkè àjà.

Oníyeyè mí kanlẹ̀. Ó ní, "Abíọ́nà, ohun tó wà lọ́kàn mi lo sọ yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹran ti sú èmi náà."

Ṣùgbọ́n ẹran tó wà lọ́kàn ọba, ẹran inú ọbẹ̀ ni. Láti ìgbà tí eyín ti ń dùn ún ni wọ́n ti ń gbé ẹran tó le bí awọ bàtà síwájú rẹ̀, ó sì gbà pé oòrùn ọjà ló ń sọ ẹran náà di líle.

Bùsàrí alápatà dìde, ó ní òun fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ẹran ti bàjẹ́. Èyí tó wà lọ́kàn tirẹ̀ ni àwọn tó ń kiri ẹran láti ìlú kejì wá bá a du oníbàárà. Ọdẹ́tọ́lá, olórí ọdẹ, ní òun náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ọ̀yà àti túùkú tó ń jáde láti inú igbó wá ba oko jẹ́ ni tirẹ̀. Ọ̀tún Àjàsá nìkan ló mọ ẹran tí Abíọ́nà ń sọ gan-an, òun ló sì fara mọ́ ọn jù. Ó ní ọ̀rọ̀ tó dára ni, kí ọba má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá a.

Ọba ní, "Ó dáa. Ẹnu ti kò. Láti òní lọ, ẹran kò gbọdọ̀ sí níta mọ́ ní Ìdí-Ìyeyè. Èyí tí ẹ bá rí níta, ti ààfin ni."

Inú gbogbo wọn dùn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Abíọ́nà dúpẹ́ títí eékún fi ń ro ó. Akéde lu agogo yí ìlú ká. Kò sí ẹnìkan ṣoṣo tó bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, ẹran wo?

Ilẹ̀ mọ́. Ẹni tí ọba fi òfin náà lé lọ́wọ́ ni Kújọrẹ̀, olórí ẹ̀ṣọ́ ààfin. Kújọrẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Bí ìyá adìyẹ ṣe ń ràdọ̀ bo ọmọ ló ṣe ń ràdọ̀ bo òfin. Ọ̀dọ̀ Bùsàrí alápatà ló kọ́kọ́ yà sí lọ́jà.

Ó ní, "Bùsàrí, kí lo tò sórí tábìlì yìí?"

Bùsàrí ní, "Ẹran ni. Ṣé wàá rà?"

"Ibo la wà yìí?"

"Ṣé o ò mọ ọjà mọ́ ni? Ìta gbangba la wà."

"Ohun tí èmi náà rí nìyẹn." Kújọrẹ̀ gbé itan màlúù lé èjìká, ó ń lọ.

Bùsàrí tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé kì í ṣe òun lòfin ń bá wí. Kújọrẹ̀ ò wẹ̀yìn. Ní ẹnubodè, ó pàdé Ọdẹ́tọ́lá tó gbé ẹtu kọ́rùn bọ̀ láti oko ọdẹ, ó gba ẹtu. Ìyàwó tuntun kan ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dá a dúró, wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n fi ìgbákọ ṣa gbogbo ẹran inú rẹ̀, wọ́n ní kó máa gbé omi ọbẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ wo inú ìkòkò, ó wo ojú ìyàwó, kò sọ nǹkankan. Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí mọ̀ pé ìyẹn burú ju èébú lọ.

Àwọn ewúrẹ́ ńkọ́? Wọ́n ń rìn kiri fàlàlà. Nígbà tí Kújọrẹ̀ na ọwọ́ sí ọ̀kan, ẹni tó ni ín ní, "Ewúrẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹran. Ìgbà tí mo bá pa á ló ń di ẹran." Kújọrẹ̀ rò ó títí, ó rí i pé òótọ́ ni, ó fi ewúrẹ́ sílẹ̀. Gbajúmọ̀ kọjá níwájú rẹ̀ tìlẹ̀kẹ̀tìlẹ̀kẹ̀, ó ń jẹ ewé ilá ẹlòmíràn.

Àwọn tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ wọn kọrí sí ààfin pẹ̀lú ariwo. Bùsàrí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹran tí òfin ń wí ni ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó wà lórí tábìlì mi ò ní ẹsẹ̀ kankan mọ́, mo ti gé e."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọba létí. Wọ́n fẹnu kò. Akéde tún jáde, ó ń ké e pé ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níta lẹran.

Ṣé ẹ rí i, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá gbóná. Bùsàrí padà dé ọjà, ó to ẹran rẹ̀ jọ, inú rẹ̀ dùn. Kújọrẹ̀ dé. Ó wo ẹran, ó mi orí pé kò sí ẹ̀sùn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí Bùsàrí jọ̀wọ́ kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí ẹran ọba. Wọ́n gbé tábìlì lọ, ẹran wà nílẹ̀, eṣinṣin sì gba ipò wọn.

Láti ibẹ̀, wọ́n kó gbogbo bẹ́ǹṣì inú ọjà. Àwọn àgbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi rí ara wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ ayò sì tú ká. Ọgbà ẹran ààfin kún fún àga, àpótí àti ibùsùn tí ẹnìkan gbé síta láti pa ìdun. Àwọn tó ní ewúrẹ́ ti mọ ọgbọ́n tí wọ́n á dá. Bí Kújọrẹ̀ bá ti ń bọ̀, wọ́n á tẹ ewúrẹ́ wọn mọ́lẹ̀, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á ní, "Kò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀." Kújọrẹ̀ á dúró tì wọ́n títí, á wò ó bóyá yóò dìde. Lójú pópó, ẹ óò rí bàbá àgbàlagbà tó dì mọ́ òbúkọ bí ẹni dì mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti ìdálẹ̀ dé.

Oníyeyè jáde wá sábẹ́ igi ìyeyè níwájú ààfin, níbi tó ti máa ń gbẹ́jọ́. Ó fẹ́ jókòó. Kò sí ibi ìjókòó.

Ó ní, "Àga mi dà?"

Kújọrẹ̀ dọ̀bálẹ̀. "Ó wà nínú ọgbà, Kábíyèsí. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, ó sì dúró lórí gbogbo wọn."

"Kújọrẹ̀, àga ni."

"Mo bi í léèrè, Kábíyèsí. Kò dá mi lóhùn."

Ọba dúró gbẹ́jọ́ títí oòrùn fi kanrí. Ẹni tó bá rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní fẹ́ ṣẹjọ́ mọ́ láyé.

Ibẹ̀ ló wà tí Ọ̀tún Àjàsá fi sáré dé, nítorí Kújọrẹ̀ ti rán ẹ̀ṣọ́ sí ilé rẹ̀, Gbajúmọ̀ kì í sì í dùbúlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀tún ní, "Kábíyèsí, ìtumọ̀ Bùsàrí ló fa gbogbo èyí. Ta ló ń sọ ẹran lórúkọ? Ẹran ni ohun tí kò lórúkọ. Ohunkóhun tó bá lórúkọ tó ń jẹ́, kì í ṣe ẹran."

Ọba bi í pé, "Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣé àga mi á padà?"

Ọ̀tún ní, "Àga yín lórúkọ, Kábíyèsí. Ìtẹ́ ló ń jẹ́."

"Ẹnu kò," ni ọba wí. Kò tilẹ̀ dúró kí Ọ̀tún parí ọ̀rọ̀.

Áà, ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ọjọ́ tí oyin àti iyọ̀ wọ́n ní Ìdí-Ìyeyè bí ọjọ́ kejì rẹ̀. Gbogbo ilé ló ń sọ ewúrẹ́ lórúkọ. Wọ́n ń fi obì tọ́ àgùntàn lẹ́nu, àgùntàn ń jẹ obì. Àwọn kan wọ ẹ̀wù fún ewúrẹ́ wọn kó lè bá orúkọ mu. Ìyá kan pe ọmọ rẹ̀ wálé jẹun, òbúkọ aládùúgbò ló dáhùn, ó wọlé, ó sì jẹun. Ẹnìkan tó gbọ́n ju gbogbo wọn lọ sọ òbúkọ tirẹ̀ ní Bàbá-Ọba. Òbúkọ náà wọ inú ọgbà ẹ̀fọ́, wọ́n fẹ́ fi igi lé e, ọwọ́ wọn ò gbé e. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ ni. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá-Ọba, ẹ jáde, ẹ má bínú."

Bùsàrí alápatà ti kóra dání tipẹ́. Kò gbàgbé ẹni tó ní ìtumọ̀ tòun ló fa wàhálà. Ó fa òbúkọ rẹ̀ jáde sójú ọjà, èyí tó rùn jù lọ nínú gbogbo wọn, ó sì sọ ọ́ ní Àjàsá. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń pè é. "Àjàsá, kúrò nínú ẹrẹ̀. Àjàsá, má jẹ ìdọ̀tí. Àjàsá, ìwọ ò nítìjú." Ọ̀tún ń gbọ́ ọ láti inú ilé rẹ̀.

Abíọ́nà ńkọ́? Obìnrin náà kò bá wọn sọ nǹkan lórúkọ. Ó ti lọ tọrọ irúgbìn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní abúlé kejì, ó ti gbìn ín, ó ti hù, ó ti ń ṣe dẹ̀rẹ̀dẹ̀rẹ̀ létí odò. Ó dé oko láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá àwọn olórúkọ níbẹ̀. Wọ́n pọ̀ bí ẹni wá ṣàjọ̀dún. Wọn ò fi ewé kan sílẹ̀. Bàbá-Ọba ló wà níwájú, ó wọ ẹ̀wù.

Ó jókòó sórí ebè, kò lè sunkún. Òjò ṣì ń rọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá tètè rí irúgbìn mìíràn gbìn, ọdún yẹn ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn, ebi ló kàn. Nígbà tó dìde, ààfin ló gbà lọ. Kò rọra kúnlẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, ṣe ló wó lulẹ̀.

Ó ní, "Kábíyèsí, ì báà lórúkọ, ì báà má lórúkọ, nǹkan jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Òun ni mo wá sọ."

Ojú Ọ̀tún Àjàsá mọ́lẹ̀ kedere. Gbajúmọ̀ wà nílé ní tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń jẹ èèpo iṣu. Àmọ́ òbúkọ Bùsàrí tó ń jẹ́ Àjàsá wà lára àwọn tó jẹ oko náà. Ọ̀tún rí ọ̀nà tó fi máa mú orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́rùn òbúkọ, ó fò dìde.

Ó ní, "Kábíyèsí, obìnrin yìí ti túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ohunkóhun tó bá jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹran ni. Ì báà lórúkọ, ì báà wọ aṣọ, ì báà lówó, ì báà ní ẹ̀yìn ní ààfin. Kí wọ́n fi okùn sí i lọ́rùn kí wọ́n mú un lọ sí ọgbà."

Gbogbo ilé ní ó dáa. Ọba ní ẹnu kò. Kújọrẹ̀ ká okùn rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń lọ.

Ìgbà yẹn ni Ọdẹ́tọ́lá, olórí ọdẹ, rọra dìde nídìí ògiri. Ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ó ní, "Kábíyèsí, mo fẹ́ béèrè ohun kékeré kan. Nígbà tí Ọ̀tún àná wàjà, ilé ta ni oyè kàn?"

Gbogbo wọn mọ̀ pé ilé Ọdẹ́tọ́lá loyè kàn.

"Ta ló jẹ ẹ́?"

Ẹni tó jẹ ẹ́ wà lórí ìdúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè láti ibi ọ̀rọ̀ tó sọ.

Ọ̀tún ní, "Kábíyèsí, jíjẹ yẹn kọ́. Oyè jíjẹ nìyẹn."

Kújọrẹ̀ ti dúró. Ó ń rò ó. Ẹ̀ ń rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń rò ó. Ó ní, "Ó jẹ ẹ́ àbí kò jẹ ẹ́? Ṣé tirẹ̀ ni àbí kì í ṣe tirẹ̀?" Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀tún bó ṣe yẹ, ó dìde, ó rọra fi okùn kọ́ ọ lọ́rùn lórí ìlẹ̀kẹ̀, ó sì mú un jáde. Wọ́n tì í mọ́ inú ọgbà ẹran pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ tí kò tètè rí orúkọ. Bùsàrí ń rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kújọrẹ̀ padà dé, ó bi í pé, "Ìwọ, ẹ̀dọ̀ màlúù tí àwọn oníbàárà ń san owó rẹ̀ tí o máa ń gé kúrò lẹ́yìn tí o bá ti wọ̀n ọ́n tán, ta ló ń jẹ ẹ́?" Ẹ̀rín kúrò. Bùsàrí tẹ̀ lé e láìjà. Ọdẹ́tọ́lá ní òun mọ̀ pé ó kàn òun, inú igbó ẹbí ẹlòmíràn lòun ti ń pa ẹtu tóun ń jẹ. Ó na ọrùn fún okùn fúnra rẹ̀.

Ìjòyè kan sá gba ojú fèrèsé. Òmíràn ní ara òun ò yá. Kò pẹ́ rárá, ọba nìkan ló kù lórí ìjókòó, Abíọ́nà nílẹ̀, àti Kújọrẹ̀ pẹ̀lú okùn. Kújọrẹ̀ wo ọba. Ó họ orí.

Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ jẹ ọba, ṣebí ẹ̀gbọ́n yín ṣì wà láyé?"

Oníyeyè dìde fùú. Ó ní, "Ju okùn yẹn sílẹ̀." Eyín tó ń dùn ún gbàgbé láti dùn ún. Ó jáde, ó lọ dúró lẹ́bàá ọgbà ẹran, ó sì ní kí Abíọ́nà wá síbẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Abíọ́nà, lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wá, ẹran wo lò ń sọ?"

"Àgbò Ọ̀tún ni, Kábíyèsí. Gbajúmọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo rò pé ẹ ti gbọ́ mi ni."

Ọba yíjú sí inú ọgbà. "Bùsàrí, ẹran wo ni ìwọ ń sọ lọ́jọ́ náà?" Ó sọ. "Ọdẹ́tọ́lá ńkọ́?" Ó sọ. Ọba náà sọ tirẹ̀, ti ẹran líle. Ojú ń ti olúkúlùkù bó ṣe ń gbọ́ ti ẹnìkejì. Ọba wá wo Ọ̀tún Àjàsá tó dúró sáàárín ewúrẹ́. "Ìwọ ńkọ́?"

Ọ̀tún wolẹ̀. "Mo mọ̀ pé Gbajúmọ̀ ni, Kábíyèsí. Mo rò pé bí a bá ń wá ìtumọ̀ sí i, a ò ní kàn án."

Ọba ní kí wọ́n tú gbogbo wọn sílẹ̀, kí olúkúlùkù sì so ohun ọ̀sìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní kí Ọ̀tún ṣí àká rẹ̀, kó mú àgbàdo irúgbìn tó dára jù lọ fún Abíọ́nà, kó sì lọ bá a gbìn ín fúnra rẹ̀ kí òjò tó ṣú yẹn tó rọ̀. Ọ̀tún ká agbádá, ó lọ. Bùsàrí àti Ọdẹ́tọ́lá bá a lọ nítorí ojú ń tì wọ́n láti dúró. Abíọ́nà ń la ebè níwájú, Ọ̀tún ń ju irúgbìn síhò lẹ́yìn rẹ̀. Òjò bá wọn lóko, wọn ò sá. Àgbàdo ọdún náà ṣe dáadáa, àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́ yó. Gbajúmọ̀ ń wo gbogbo rẹ̀ láti ibi tí wọ́n so ó mọ́.

Kí ọba tó wọlé lọ́jọ́ tó tú wọn sílẹ̀ yẹn, ó bá àwọn ará ìlú tó pé jọ sẹ́nu ọgbà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí a jókòó lẹ́nu wa ń kò. Etí wa ni kò kò. Ẹnikẹ́ni tó bá tún dúró níwájú mi tó ní a ti fẹnu kò, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó gbọ́ fún mi, kí ẹni tó jókòó tì í náà sọ tirẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìpàdé Ìdí-Ìyeyè wá gùn ju ti ìlú mìíràn lọ, wọ́n ń gbé oúnjẹ dání lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tún fi okùn mú ìjòyè mọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá wà nípàdé tí ìkánjú ń ṣe yín, tí àgbàlagbà kan sì wúkọ́ nígbà tí gbogbo yín ti ń dìde, ẹ má pòṣé sí i. Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ọrùn yín ló fẹ́ sọ: etí ni í kọ́kọ́ kò kí ẹnu tó kò.